Ọjọ́ tí Ermanno Lọ Ra Kọfí

Wọ́n ní Ermanno Zanchetta ló kọ̀ láti pa Ìyá Àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Brérange, abúlé wa lẹ́bàá ibodè Luxembourg, ṣe ń sọ ọ́, láti ilé oníbúrẹ́dì títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ fẹ́ da irin ìkẹyìn, lọ́dún 1984, Ermanno wọlé, ó tẹ káàdì rẹ̀ lẹ́nu aago, ó rìn dé iwájú iléru, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Ìyá tó ti ń bọ́ mi láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ọwọ́ mi kọ́ ni yóò pa á." Ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì jáde láìwo ẹnikẹ́ni lójú. Àwọn kan ní ó sunkún. Ìyàwó oníbúrẹ́dì, tí wọn ò tíì bí lọ́dún náà, ní òun gbọ́ ẹkún ọ̀hún.

Irọ́ ni. Kì í ṣe irọ́ tí ẹnì kan jókòó pa o, irú èyí tó ń dá hù fúnra rẹ̀ bí èpò ni. Iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni mò ń ṣe, ojúlé dé ojúlé, ẹni tí abẹ bá sì wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ kì í purọ́ pẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń gé irun Ermanno, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, ìyàwó rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń tún un ṣe níbi tó bá ti fẹ́ bù ú lóyin. Lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà kú, Ermanno kò kọ ohunkóhun. Kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ó lọ ra kọfí.

Ìyá Àgbà ni orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ fún iléru ńlá tó wà nísàlẹ̀ abúlé, níbi tí pápá bọ́ọ̀lù wà báyìí. Bàbá Ermanno wá láti Ítálì pẹ̀lú ìkòkò kan tí wọ́n fi ń ro polẹ́ńtà, oúnjẹ àgbàdo wọn, àti ìbínú, ó kú nídìí iléru náà, ó sì fi méjèèjì sílẹ̀ fún ọmọ. Gbígbálẹ̀ ni Ermanno fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa pé ọgbọ̀n ọdún, òun ti di olórí ikọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Ihò kan wà nísàlẹ̀ iléru tí wọ́n máa ń fi amọ̀ dí. Bí irin bá ti yọ́ tán, olórí ikọ̀ nìkan ló lè lu amọ̀ náà kí irin lè tú jáde. Ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan ìyàwó oníyàwó ni.

Ọkùnrin kúkurú ni, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, irunmú rẹ̀ sì nípọn débi pé ọbẹ̀ máa ń dé ibẹ̀ kó tó dé ẹnu. Ooru tó ti gbà lára Ìyá Àgbà kò tíì tán lára rẹ̀. Nínú yìnyín, síńgílẹ́ẹ̀tì ló fi ń bọ́ àwọn ehoro rẹ̀. Huguette ìyàwó rẹ̀, ní tirẹ̀, súwẹ́tà mẹ́ta ló ń wọ̀ nínú ilé, nítorí pé ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná ìmúlé-gbóná kí oṣù Kọkànlá tó parí.

"Ooru ti sú mi láyé," ni yóò máa wí.

"Otútù ti sú èmi náà," ni Huguette yóò dáhùn, "ṣùgbọ́n ta ló bi mí?"

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn lọ́dún tó kọjá nígbà tí Mẹ́yọ̀, olórí abúlé wa, kan ilẹ̀kùn. Ludivine Kieffer ni orúkọ rẹ̀. Báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Luxembourg lójúmọmọ, ó wá ń ṣe olórí wa bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Èèyàn dáadáa ni, àfi pé ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní ogójì ọdún ti pé tí iléru ti kú, àti pé abúlé fẹ́ gbé pátákó irin kan kalẹ̀ ní ráńdábàáòtù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó irin nígbà kan, tí wọ́n ti gbin òdòdó sí. Orúkọ àwọn méjìlá tó da irin ìkẹyìn ni yóò wà lára rẹ̀.

"Inú ìwé ìwọlé iléeṣẹ́ ni mo ti kọ ọ́ jáde, Bàbá," ni ó wí, ó tẹ́ bébà sórí tábìlì. "Ẹ̀yin lẹ wà lókè. Àti nítorí ohun tí ẹ ṣe lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin la fẹ́ kó sọ̀rọ̀."

Huguette, tó ń lọ aṣọ, wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ermanno wọ awò ojú. Ó ka àwọn orúkọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún kà wọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"Czesław dà?"

"Bàbá Domagała? Ikọ̀ àárọ̀ ni tiwọn. Ìwé ní wọ́n ti jáde láago kan ọ̀sán."

"Ó wà níbẹ̀."

"Ó lè jẹ́ pé wọ́n dúró wòran, Bàbá. Àwọn tó wòran pọ̀. Tí mo bá ní kí n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní òun wà níbẹ̀, pátákó náà á gùn dé Luxembourg." Ó dìde. "Lọ́jọ́ Ajé ni ìwé ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa rọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, irin ló máa di, kò ní ṣeé parẹ́ mọ́."

Bí ilẹ̀kùn ṣe pa dé, Huguette gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

"O gbọ́ ohun tó wí?"

"Mo gbọ́."

"Ìwọ ọkùnrin yìí, tí o bá gun orí pèpéle yẹn lọ sọ ìtàn ìyá tó ń bọ́ ẹ fún aráyé, mo fi ìyá tó bí ẹ gan-an búra, màá dìde láàárín èrò, màá sọ iye páàkì kọfí tó wà lábẹ́ táyà!"

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kọfí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkẹyìn yẹn, ikọ̀ Ermanno kò ní í wọṣẹ́ títí di aago kan. Dída irin sì di aago mẹ́rin. Àwọn méjìlá ti fẹnu kò pé tí wọ́n bá dà á tán, àwọn ò ní í kàn fọwọ́ pa ara àwọn lẹ́yìn kí oníkálùkù máa lọ sílé lọ wo ògiri. Wọ́n á mu ọtí, wọ́n á sì mú ẹ̀bùn lọ fún ìyàwó. Ọtí àti kọfí sì rè é, òdìkejì ibodè, ní Luxembourg, ni gbogbo wa ti ń rà á, nítorí ó dínwó. Bẹntiróòlù náà ńkọ́? Ibẹ̀ náà ni. Ermanno ló ní ọkọ̀ tí bùútù rẹ̀ tóbi jù. Wọ́n ní, "Ermanno, sáré lọ kí o sáré bọ̀." Ó ra ìgò ọtí, ó ra páàkì kọfí mẹ́rìnlélógún, méjì méjì fún èèyàn kọ̀ọ̀kan. Iye tí òfin gbà kò tó ìdajì ìdajì ìyẹn, ni ó bá gbé sípíà táyà sókè, ó to kọfí sábẹ́ rẹ̀, ó dá táyà padà lé e lórí. Kò sí ẹni tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Brérange. Àwa ọmọdé gan-an máa ń jókòó lórí sìgá bàbá wa bí ọkọ̀ bá ń kọjá ní ibodè.

Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ibodè lọ́jọ́ náà, Fernand ni. Ẹ̀gbọ́n Huguette, ọmọ ìyá kan náà.

Ermanno rẹ́rìn-ín. Ó yọ orí síta.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀gbọ́n!"

"Kò sí ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni níbí. Aṣọ́bodè ni mí. Kí lẹ ní láti fi hàn?"

"Fernand, ṣé kò sí nǹkan? Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá la jọ jẹ ẹran ehoro!"

"Ẹran ehoro kò sí lára ohun tí òfin kà léèwọ̀. Ẹ ṣí bùútù."

Ohun tó jẹ́ wàhálà Fernand ni pé ọ̀gá rẹ̀ ti ń fura pé ó ń jẹ́ kí àwọn ará ilé rẹ̀ kọjá. Kò jẹ́ kí wọ́n kọjá rí. Ó ti gba ṣokoléètì lọ́wọ́ ìyá tó bí i gan-an rí, ó sì kọ ìwé ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ó gbé táyà sókè. Ó wo kọfí. Ó wo Ermanno. Ó wọlé lọ gbé òṣùwọ̀n jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọn páàkì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Fernand, láago mẹ́rin ni wọ́n máa da irin ìkẹyìn! Èmi ni mo máa lu ihò!"

"Ó yẹ kí ẹ ti rò ó kí ẹ tó kó kọfí sábẹ́ táyà."

"Wọ̀n wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà yẹn!"

"Páàkì kan, ìlà kan. Bí ìwé ṣe wí nìyẹn."

Nígbà tó dé páàkì kẹjọ, ó rí i pé òṣùwọ̀n náà kò dọ́gba. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Ọ̀gá rẹ̀ tún pè é lórí tẹlifóònù. Ó jẹun ọ̀sán, nítorí pé àkókò oúnjẹ wà nínú òfin. Ermanno bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó gba kọfí, kó gba ọtí, kó gba ọkọ̀ pàápàá, kó jẹ́ kí òun fẹsẹ̀ rìn lọ. Fernand ní ẹni tí wọn ò tíì parí ìwé rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò níwájú òun. Láago mẹ́rin, fèrè iléeṣẹ́ fọn láti ìsàlẹ̀ àfonífojì, ó gùn, ó gùn, kò fọn bẹ́ẹ̀ rí. Fernand bọ́ fìlà. Ó káwọ́ sẹ́yìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ó tẹ orí ba. Lẹ́yìn náà ó dé fìlà padà.

"Páàkì kẹtàdínlógún," ni ó wí.

Ó parí láago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní kí Ermanno fọwọ́ sí i. Ermanno kà á, ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kó kọfí pa mọ́ "pẹ̀lú ète láti tan ìjọba jẹ," ó ju bíírò sílẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kan nípa ìjọba tí mi ò lè kọ síbí, ó sì wa ọkọ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ibi ìsìnkú nìkan ni òun àti Fernand ti ń pàdé, kálukú á sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ sàréè tirẹ̀.

Ní iléeṣẹ́ ńkọ́? Czesław Domagała, ará Poland, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé, olórí ikọ̀ àárọ̀ ni. Nígbà tí aago kan lù tí kò rí Ermanno, ó mú káàdì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́nu aago fún un, kí wọ́n má bàa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó pa iṣẹ́ jẹ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Tí wọ́n bá ká ẹ mọ́ irú ìyẹn, wọ́n á lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀hún ò ju wákàtí mẹ́jọ lọ mọ́. Láago mẹ́rin, wọ́n ké sí olórí ikọ̀. Kò sẹ́ni. Àwọn ọ̀gá ńlá dúró, oníròyìn dúró. Czesław ti wẹ̀, ó ti wọ kóòtù. Ó bọ́ kóòtù. Ó fi ìbòjú bojú, ó lu ihò náà. Pẹ̀lú ìbòjú yẹn, ta ló fẹ́ mọ ẹni tó wà nínú rẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, Ermanno wọ ilé ọtí láti wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ikọ̀ rẹ̀. Káàdì rẹ̀ ti wọlé, òun kò sì sí nídìí iléru, ni àwọn èèyàn ṣe rò pé ó kọ̀ ni; kó tó la ẹnu, ẹnì kan kígbe pé, "Ọkùnrin tó kọ̀ rè é!" Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbé ọtí líle tí wọ́n ń fi èso mirabẹ́lì ṣe síwájú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ife dé kí ọ̀rọ̀ tó dé, òmíràn sì dé tẹ̀lé e. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu tó jẹ dòdò kì í lè sọ òdodo. Nígbà tí ojú rẹ̀ fi máa dá, ìtàn náà ti rin gbogbo abúlé yí ká, ó ti bímọ. Ikọ̀ rẹ̀ tó mọ òótọ́ kò sì lè tú u, nítorí káàdì tí Czesław tẹ̀.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì tí Mẹ́yọ̀ wá, Ermanno lọ bá Czesław nínú ọgbà rẹ̀. Ó ń wú ànàmọ́ tó kẹ́yìn.

"O gbọ́ ọ̀rọ̀ pátákó?"

"Mo gbọ́. A kì í jẹ pátákó."

"Orúkọ ẹ ò sí níbẹ̀."

"Ehoro tí ò ń fún mi lọ́dọọdún tó mi." Kò gbé ojú sókè. Ó wú ebè méjì sí i. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ méjìlá yẹn nílé ìwé. Ọmọ ọmọ mi, Maëlys, nawọ́ sókè, ó ní bàbá àgbà òun ló lu ihò. Olùkọ́ ní rárá, kò sí nínú ìwé. Ọmọ náà délé, ó ní, 'Bàbá àgbà, kí ló dé tí ẹ purọ́ fún mi?' Ọmọ ọdún mẹ́jọ, Ermanno. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti sọ ọ́ láyé mi, fún òun nìkan."

Ermanno bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó bá a ṣa ànàmọ́ díẹ̀. Ó lọ sílé.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìpàdé wà ní gbọ̀ngàn, wàràkàṣì àti wáìnì wà lórí tábìlì. Ermanno dìde láàárín èrò.

"Mi ò sí níbẹ̀," ni ó wí. "Ẹ gbọ́ mi. Mi ò kọ ohunkóhun. Kọfí ni mo lọ rà ní Luxembourg, wọ́n sì dá mi dúró ní ibodè. Czesław ló lu ihò."

Ìyàwó oníbúrẹ́dì wá bú sẹ́kún.

"Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń rẹ ara wọn sílẹ̀!" ni ó wí. "Wọ́n fẹ́ fi ògo wọn ta ọ̀rẹ́ wọn lọ́rẹ!"

"Ògo wo? Kọfí ni mo ní!"

"Kọfí!" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. "Bàbá yìí, ẹ̀fẹ̀ ò ní pa yín!"

Gbogbo wọn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mẹ́yọ̀ di Ermanno lọ́wọ́ mú, ó ní, "Bàbá, màá fi èyí kún ọ̀rọ̀ mi." Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí wọ́n ń rìn lọ sílé, Ermanno ń bú gbogbo abúlé láti ojúlé dé ojúlé.

"Ogójì ọdún lo fi kọ́ wọn," ni Huguette wí, "o wá fẹ́ kí wọ́n gbàgbé ẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún?"

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"O mọ ẹni tó ní ìwé."

"Mi ò lọ."

"Nígbà náà, máa fún Czesław ní ehoro méjì lọ́dún."

"Kí ló máa sọ fún mi tí mo bá débẹ̀?"

"Ó máa ní kí o ṣí bùútù."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ermanno gun òkè lọ sí ilé Fernand. Fernand ti pé ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, ó dá gbé, ó sì de táì mọ́rùn láti lọ ṣílẹ̀kùn.

"Kí lẹ ní láti fi hàn?"

Ermanno gbé ìgbéraga rẹ̀ mì. "Ẹ̀gbọ́n, mo wá gba ìwé ẹ̀ṣẹ̀ mi."

Fernand kò béèrè ìwé wo. Ó wọ yàrá, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi jáde, bí ẹni pé orí bẹ́ẹ̀dì ló wà. Bébà ti pọ́n, ṣùgbọ́n kò ká létí. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi ọwọ́ lé e.

"Ìwé tí kò pé kì í jáde lọ́wọ́ mi."

"Kí ló kù nínú ẹ̀?"

"Ìbuwọ́lù."

Ermanno kà á. Ìlà kan fún páàkì kan, mẹ́rìnlélógún. Láti aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú títí di aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Nísàlẹ̀ pátápátá, "pẹ̀lú ète láti tan ìjọba jẹ."

"Ẹ yọ 'ète' yìí kúrò. Mo gbàgbé láti sọ ọ́ ni."

"Abẹ́ táyà lo gbàgbé ẹ̀ sí?"

"Ogójì ọdún ti kọjá, Ẹ̀gbọ́n!"

"Ọ̀rọ̀ náà ò tíì yí padà."

Ermanno jókòó. Ó wo bíírò náà bí ẹni ń wo ejò. Ó mí kanlẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i, lẹ́tà ńláńlá, Zanchetta Ermanno, ẹlẹ́tàn. Fernand fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ, ó kọ déètì ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó gbé ife méjì wá, ó da kọfí síbẹ̀.

Ermanno wo kọfí náà. Ó wo Fernand.

"Ti ọjọ́ yẹn, tí mo gbà lọ́wọ́ ẹ, ti lọ sí ilé ìjọba," ni Fernand wí. "Ọjà ni mo ti ra eléyìí. Mu ún kó tó tutù." Ó fi kún un pé, "Ọ̀gá mi ń wò mí láti ojú fèrèsé lọ́jọ́ yẹn. Mi ò sọ fún ẹ rí."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O ti wa ọkọ̀ lọ."

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn méjèèjì jọ lọ bá Mẹ́yọ̀ ní ọ́fíìsì, Fernand nínú kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ tí bọ́tìnnì rẹ̀ ò pàdé mọ́. Mẹ́yọ̀ nawọ́ láti gba ìwé. Fernand ní rárá, kíkà ni wọ́n máa ń kà á. Ó dìde dúró, ó sì ka páàkì mẹ́rìnlélógún pẹ̀lú ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé kan sùn lọ. Nígbà tó fi máa dé "ète," ojú Mẹ́yọ̀ ti rí bí wàrà tó dì.

"Òótọ́ ni?"

"Mo sọ fún yín lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹ pàtẹ́wọ́."

"Bàbá, mo ti kọ ojú ewé mẹ́rin."

"Ẹ ya mẹ́ta dànù."

Ó di orí mú. Ó wo ilẹ̀kùn, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ gbọ́, a lè fi Bàbá Domagała kún un, kí a sì fi tiyín sílẹ̀. Ẹ ò ṣáà ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n? Mẹ́tàlá á jẹ́. Ta ló máa kà á?"

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ermanno kò retí. Ó sọ fún mi pé tó bá jẹ́ èébú ni, òun ì bá mọ èsì. Ó rí orúkọ ara rẹ̀ nínú irin, ní ráńdábàáòtù, níbi tí gbogbo ọkọ̀ tó ń lọ sí Luxembourg yóò ti máa yí i ká láràárọ̀. Ó wù ú débi pé irunmú rẹ̀ ń mì. Fernand ń wo òrùlé.

"Méjìlá ló ń wà nídìí iléru," ni Ermanno wí níkẹyìn. "Bí ẹ bá rí ẹni kẹtàlá níbẹ̀, àlejò ni, wọ́n sì máa ń lé e jáde kó má bàa jóná. Ẹ lé mi jáde."

Mẹ́yọ̀ mú bíírò, ó fa ìlà lórí orúkọ òkè pátápátá.

Kì í ṣe pé Czesław dúpẹ́ o. Ó ti ń pariwo kó tó dé ẹnu géètì Ermanno.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Wọ́n ti fẹ́ kí èmi sọ̀rọ̀ báyìí! Èmi! Níwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn!"

"Sọ méjì, kí o jókòó."

"Àti ehoro mi ńkọ́? Àṣírí ti tú, ṣé o ò ní fún mi mọ́ nìyẹn?"

"Lọ síbẹ̀ yẹn, ẹlẹ́nu-ẹran! Wàá jẹ ehoro títí eyín ẹ á fi tán."

"Ó ti tán. Máa sè é kó rọ̀."

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú pátákó, òjò ń rọ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò sì ṣiṣẹ́, èyí tó dùn mọ́ gbogbo wa nínú. Czesław sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ méjèèjì. Maëlys dé iwájú, ó fi ìka tọ orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé èyí tó kẹ́yìn, ó sì wo ẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá olùkọ́ rẹ̀ ń wò. Olùkọ́ ń wò. Ermanno dúró lẹ́yìn èrò nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti jákẹ́ẹ̀tì tí kò dì ní bọ́tìnnì, Fernand ló sì di agbòjò mú lé e lórí.

Àwọn kan ṣì wà tí ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ létí. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ní ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó tún wá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ gé irun rẹ̀. Mo bi í bóyá ó dùn ún pé orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ní ó dùn òun díẹ̀, kì í ṣe bí òun ṣe rò. Mo gé ẹ̀yìn etí rẹ̀ méjèèjì tán. Ó wá ní:

"Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò rí i. Ogójì ọdún, mi ò lè bi Czesław léèrè, nítorí ojú ń tì mí. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí pátákó tán, a jókòó, mo wá bi í. Mo ní, 'Báwo ló ṣe rí, irin yẹn? Ṣé ó pọ́n ni, àbí ó funfun?' Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní òun náà ò rí i, òógùn ló kún òun lójú. Mo ní, 'Òógùn ni, àbí omi ojú?' Ó ní òógùn ni. Mo jẹ́ kó jẹ́ òógùn."